Sadhbh, Caoilfhionn, Éadaoin, Líadan àti Gormlaith: èwo nínú orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ Ireland ni kí ẹ sọ ọmọbìnrin yín?

Ọmọ Yorùbá ti pọ̀ ní Dublin, Drogheda àti Balbriggan, kò sì ṣàjèjì mọ́ kí bàbá ọmọ jẹ́ tiwa kí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland, tàbí kí ìyá jẹ́ tiwa kí bàbá jẹ́ tiwọn. Tí oyún bá ti wọ oṣù keje, ọ̀rọ̀ orúkọ á délẹ̀. Ti ẹbí tiwa kì í pẹ́: bàbá àgbà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, ìyá àgbà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, oríkì á tẹ̀ lé e. Àwọn àna náà á ní àwọn ní orúkọ kan lọ́kàn, kì í sì í ṣe Emily tàbí Grace tó wà ní gbogbo kíláàsì. Orúkọ àwọn ìyá ńlá àtijọ́ ni wọ́n ń wá, èyí tí ọmọ méjì kò ní máa jẹ́ ládùúgbò kan. Bí ẹnì kan bá wá tẹ Caoilfhionn sórí WhatsApp ẹbí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa máa ń béèrè: báwo la ṣe ń pe èyí?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Orúkọ márùn-ún ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa wọn ni pé orí ìwé ni wọ́n ti díjú, wọn kò díjú lẹ́nu. Ẹni tó bá fi ojú nìkan yan orúkọ Ireland máa sá fún èyí tó dára jù níbẹ̀. Ẹ pè é sókè ná, ẹ gbọ́ ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ẹ ro ìlú tí ọmọ náà máa gbé, kí ẹ tó wo bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Bí a ṣe ń ka orúkọ wọn

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ojú Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kà wọ́n. Gaeilge, èdè àwọn ará Ireland, ní òfin àkọtọ́ tirẹ̀, òfin náà sì dúró ṣinṣin ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ ò nílò gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ tó fún orúkọ márùn-ún yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí h. Tí h bá tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì, ó ń sọ fún wa pé ohùn kọ́ńsónáǹtì náà ti rọ̀. Bh àti mh á di v tàbí w. Th á di h. Fh kì í dún rárá. Dh àti gh máa ń yọ́ mọ́ fáwẹ̀lì tó ṣáájú wọn, débi pé adh láàárín orúkọ á dún bí "áì". Láyé àtijọ́ kò sí h yìí níbẹ̀. Àmì kékeré kan ni wọ́n ń fi sórí lẹ́tà, bí àwa ṣe ń fi tiwa sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Saḋḃ ni wọ́n ń kọ Sadhbh nígbà náà, lẹ́tà mẹ́rin. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún ogún tí wọ́n gba lẹ́tà Róòmù tí gbogbo ayé ń lò, h wá dípò àmì náà, mẹ́rin sì di mẹ́fà. Àwa tí a ti rí "Sola" níbi tó yẹ kí wọ́n ti kọ "Ṣọlá" mọ ohun tí àmì kékeré kan lè gbé.

S wọn rọrùn fún wa ju bó ṣe rọrùn fún ará London lọ, nítorí a ní lẹ́tà méjèèjì. Tí s bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ e tàbí i, ṣ ni. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a, o tàbí u, s lásán ni. Ìdí nìyẹn tí Sinéad fi ń dún bí "Ṣínéèd" tí Sadhbh kò sì ní ṣ kankan nínú. Ní ti fáwẹ̀lì, ẹ rántí pé aoi jẹ́ "íí", éa sì jẹ́ "éé". Ẹni tó bá mọ méjì yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tán.

Ohun tó ń tan ọmọ Yorùbá jẹ jù ni àmì orí fáwẹ̀lì. Ó jọ àmì ohùn òkè wa gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Fada ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fa fáwẹ̀lì gùn. Bó bá sọnù, ọ̀rọ̀ lè yí padà: Seán jẹ́ orúkọ ọkùnrin, sean tí kò ní àmì sì jẹ́ ohun tó ti gbó. Agbára ohùn wọn sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, nítorí náà tí ẹ bá gbé ohùn sókè ní sílébù àkọ́kọ́ tí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti súnmọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ohùn wọn sínú àtẹ yìí.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ tó ń yan orúkọ kì í wò. Ní Gaeilge, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan àti bí a ṣe ń ké sí i kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Tí màmá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe ọmọ wọlé wá jẹun, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà lè rọ̀. Tí àwọn àna yín bá ń sọ èdè náà nílé, ohun tí ọmọ máa gbọ́ jù láyé rẹ̀ nìyẹn, nítorí náà mo fi sínú àtẹ pẹ̀lú.

| Orúkọ | Bó ṣe ń dún | Nígbà tí wọ́n bá ń ké sí i | Ohun tó wà nínú rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Sadhbh | Sáìv | a Shadhbh, "à háìv" | adùn, ire |
| Caoilfhionn | Kíílìn | a Chaoilfhionn, "à khíílìn", kh náà láti ọ̀fun | tẹ́ẹ́rẹ́; funfun, mímọ́lẹ̀ |
| Éadaoin | Éédíìn | kò yí padà | àwọn kan so ó mọ́ owú jíjẹ |
| Líadan | Líí-à-dìn | kò yí padà | àwọ̀ eérú, ewú |
| Gormlaith | Gọ́rúmlà | a Ghormlaith, g náà á rọ̀ wọ ọ̀fun | gorm, àwọ̀ dúdú aláró tàbí iyì. Flaith, ìjọba |

Sadhbh àti Caoilfhionn

Sadhbh ló ń dẹ́rù ba ojú jù, òun náà ló sì yá lẹ́nu jù. Sílébù kan ni. Ẹ mú "five" ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi s sípò f, ó parí. Ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn kò ní v lẹ́nu, "Sáífù" ló máa pè é, ọmọ náà á sì jẹ́ "mà". Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn orúkọ náà. Oṣó kan tí wọ́n ń pè ní Fear Doirche fẹ́ fẹ́ Sadhbh, ó kọ̀, ni oṣó bá sọ ọ́ di àgbọ̀nrín. Lọ́jọ́ kan, Fionn mac Cumhaill, ọ̀gá àwọn jagunjagun ọdẹ tí wọ́n ń pè ní Fianna, ń bọ̀ wálé láti ìgbẹ́, àgbọ̀nrín yìí sì sá síwájú wọn. Gbogbo ajá ló fẹ́ fà á ya, àfi Bran àti Sceolang, ajá Fionn méjèèjì. Ṣe ni àwọn wọ̀nyẹn ń lá a lójú. Fionn mú un lọ sí ilé rẹ̀ lórí òkè Allen ní Kildare, ibẹ̀ ló ti padà di obìnrin, wọ́n sì fẹ́ra wọn. Nígbà tí Fionn lọ sójú ogun, oṣó náà wá ní àwòrán ọkọ rẹ̀, ó tàn án jáde, kò sì sẹ́ni tó tún rí i. Lẹ́yìn ọdún méje, wọ́n rí ọmọkùnrin kan níhòòhò lórí òkè Ben Bulben ní Sligo. Ọmọ Sadhbh ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Oisín, ọmọ àgbọ̀nrín, ó sì di akéwì tó ju gbogbo akéwì Fianna lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọya àti awọ ẹfọ̀n kò ní nílò àlàyé lórí irú obìnrin tí Sadhbh jẹ́.

Àléébù kan tí Sadhbh ní fún ẹni tó ń wá orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni pé kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba Ireland máa ń gbé orúkọ àwọn ọmọ tuntun jáde lọ́dọọdún, èyí tí kò bá tó ọmọ mẹ́ta lọ́dún náà ni wọn kì í fi síbẹ̀. Sadhbh ti wà lára ọgọ́rùn-ún tó wọ́pọ̀ jù fún ọmọbìnrin. Tó bá jẹ́ Dublin lẹ máa gbé, ó ṣeé ṣe kí Sadhbh méjì wà nínú kíláàsì kan.

Caoilfhionn kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá, sílébù méjì: Kíílìn. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ níbẹ̀, caol tó jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti fionn tó jẹ́ funfun tàbí ohun tó mọ́lẹ̀. F tó bẹ̀rẹ̀ fionn rọ̀ nígbà tí wọ́n so wọ́n, ó di fh, fh kì í sì í dún. Ìyẹn ni pé lẹ́tà méjì wà níbẹ̀ tí ẹnu kì í pè. Wọn kò yọ wọ́n kúrò, torí wọ́n ń jẹ́ ká mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Ẹni mímọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní Roscommon ló jẹ́ ẹ, nítorí náà ìdílé Kátólíìkì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Lóde òní, agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan tó gbajúmọ̀ ní London, Caoilfhionn Gallagher, ń jẹ́ ẹ láì dín lẹ́tà kan kù nínú rẹ̀, kóòtù sì ń pè é bó ṣe tọ́.

Àwọn òbí kan máa ń béèrè nípa fionn yẹn. Ṣé ó bójú mu kí a sọ ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú ní orúkọ tí funfun wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Fionn kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ ara nìkan. Wọ́n ń lò ó fún irun, fún ìmọ́lẹ̀, fún ohun tó dán. Síbẹ̀, tí ọkàn ọ̀kan nínú yín kò bá balẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ náà máa béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì yẹ kí ẹ lè dá a lóhùn láìfi ìtìjú bojú. Ẹ tún ṣọ́ra kí í inú Kíílìn má kúrú. Tó bá ti kúrú, ó jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpànìyàn.

Láàárín méjèèjì, Sadhbh borí lẹ́nu àti ní ìtàn, Caoilfhionn borí ní ti àìwọ́pọ̀. Ní ti sípẹ́lì, Caoilfhionn máa gba sùúrù yín ju gbogbo orúkọ tó kù lọ.

Éadaoin àti Líadan

Méjèèjì yìí ló súnmọ́ ara wọn jù, òun ló sì jẹ́ kí yíyan láàárín wọn ṣòro. Kò sí v nínú wọn, kò sí kọ́ńsónáǹtì méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n parí pẹ̀lú n, èyí tí ẹnu wa máa ń sọ di fáwẹ̀lì aránmúpè láìwá a. Wọn kì í yí padà nígbà tí wọ́n bá ń ké sí ọmọ. Ìtàn wọn ló yà wọ́n.

Éadaoin jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Étaín lóde òní. Wọ́n sọ pé obìnrin yìí rẹwà débi pé òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹwà obìnrin gbogbo. Midir, ọba kan láàárín àwọn iwin, tó ń gbé Brí Léith ní Longford, fẹ́ ẹ ṣe ìyàwó kejì. Fuamnach, ìyáálé, fi oògùn sọ ọ́ di omi. Omi náà di kòkòrò, kòkòrò di eṣinṣin aláwọ̀ elésè àlùkò, ìjì sì gbá a kiri fún ọdún méje. Nígbẹ̀yìn ó já sínú ife obìnrin kan, obìnrin náà gbé e mì, ó sì tún un bí. Ìtàn náà ka ọdún tó wà láàárín ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì: 1012. Nínú ìgbésí ayé kejì yìí ó di aya ọba Tara. Midir kò gbàgbé rẹ̀. Ó wá bá ọba ta ayò kan tí wọ́n ń pè ní fidchell, ó jẹ, ohun tó sì béèrè ni kí òun gbá Éadaoin mọ́ra. Bó ṣe gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì gbéra gba ojú òrùlé jáde, wọ́n di ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn, wọ́n sì fò lọ.

Ìtàn àtúnwá nìyí, ìtàn orogún sì ni. Ilé tó ti sọ ọmọ ní Yétúndé á gbọ́ apá àkọ́kọ́ rẹ̀ dáadáa. Apá kejì ni mo máa ń rò. A máa ń sọ pé orúkọ ń roni, àwọn onímọ̀ kan sì so orúkọ yìí mọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ owú. Bákan náà, etí Yorùbá máa gbọ́ "dín" ní ìparí rẹ̀, èyí tó wà nínú "dínkù". Àwọn àgbà wa kan kò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa fi orúkọ mìíràn pe ọmọ náà. Kì í ṣe ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, torí ohùn rẹ̀ dùn gan-an, ó sì rọrùn láti fi kọrin fún ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà náà bá máa gbé pẹ̀lú yín láti tọ́ ọmọ, ẹ pe orúkọ náà létí rẹ̀ kí ẹ tó pinnu.

Líadan jẹ́ akéwì, obìnrin tó gba oyè nínú iṣẹ́ ewì nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ọlọ́pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà ń gbà. Corca Dhuibhne ni wọ́n ti bí i, ní ìwọ̀ oòrùn Kerry, níbi tí wọ́n ṣì ń sọ Gaeilge títí dòní. Ó rìnrìn àjò ewì lọ sí Connacht, ó sì pàdé Cuirithir, akéwì bíi tirẹ̀. Cuirithir ní kí wọ́n fẹ́ra. Ó ní ọmọ àwọn méjèèjì máa jẹ́ akéwì ńlá. Líadan ní kó jẹ́ kí òun parí ìrìn àjò òun ná. Ṣùgbọ́n kí Cuirithir tó dé Kerry láti wá mú un, Líadan ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, ó ti di sístà. Àwọn méjèèjì gba ọ̀dọ̀ Cuimíne, ẹni mímọ́, lọ, ó sì ní kí wọ́n mú ọ̀kan: kí wọ́n máa rí ara wọn láì sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ láì rí ara wọn. Akéwì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n mú. Tí ọ̀kan bá ń rìn káàkiri ìta, èkejì á wà nínú yàrá tí wọ́n ti pa dé. Nígbẹ̀yìn Cuirithir gba ojú òkun lọ, Líadan sì lọ máa gbàdúrà lórí òkúta tí ọkùnrin náà ti ń gbàdúrà, títí tó fi kú síbẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni ewì tí wọ́n fi sí i lẹ́nu ti wà.

Ìtàn ìbànújẹ́ ni, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà nínú rẹ̀: obìnrin tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó rìnrìn àjò fún iṣẹ́ náà, tó fúnra rẹ̀ pinnu, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Nínú ìtàn Éadaoin, oògùn, ìjì àti ayò ọkùnrin ló ń darí obìnrin kiri. Mo fẹ́ràn kí ọmọbìnrin jẹ́ orúkọ Líadan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí i lórí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Èkó tàbí ní Houston, máa pè é ní ohun tó súnmọ́ ọn gan-an, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kò sí orúkọ mìíràn nínú márùn-ún yìí tó lè ṣe ìyẹn.

Gormlaith

Gormlaith ni àwọn òbí máa ń fò lójú ẹsẹ̀, torí ó dún wúwo létí Gẹ̀ẹ́sì. Létí tiwa kò wúwo. Àwọn ará Ireland kì í fẹ́ kí r àti m lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á ti fáwẹ̀lì kékeré sáàárín wọn, nítorí náà gorm á di "gọ́rúm". Irú ohun tí àwa náà ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àyálò nìyẹn. Àwọn pàápàá máa ń pe "film" ní "filum" tí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Th tó parí orúkọ náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Gọ́rúmlà: ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí i pé ẹnu yín ti mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ìdí tí mo fi fi í sínú ìfiwéra yìí ni gorm. Lóde òní ó jẹ́ àwọ̀ aró, ṣùgbọ́n ní èdè wọn àtijọ́ ó tún ń tọ́ka sí ohun tó dúdú tó ń dán, àti sí iyì. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Gaeilge fi ń pe ènìyàn dúdú: duine gorm. Flaith ní tirẹ̀ jẹ́ ìjọba, ipò aládé. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá jẹ́ Gormlaith ní Ireland ń jẹ́ orúkọ tí èdè ìlú náà fúnra rẹ̀ fi awọ ara rẹ̀ àti adé sí. Tí ìdílé bàbá bá tún jẹ́ Adé, kò sí orúkọ tó bá a mu tó èyí.

Ẹni tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ́ ẹ kú ní ọdún 1030. Amlaíb Cuarán, ọba Dublin, ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ó sì bí Sitric tó jọba Dublin lẹ́yìn baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Brian Bóruma fẹ́ ẹ, ọba ńlá tí wọ́n pa lójú ogun Clontarf ní 1014. Sitric ọmọ Gormlaith àti Brian tó ti fìgbà kan jẹ́ ọkọ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ogun náà. Àwọn òpìtàn ilẹ̀ Iceland yìn ín fún ẹwà, wọ́n sì bú u fún ìwà. Ọkùnrin ló kọ gbogbo rẹ̀, ogun ni wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa rù lẹ́bi; èmi kò ní tìtorí ìyẹn gbé orúkọ náà jù sílẹ̀.

Àmọ́ kí n sọ òtítọ́: àwọn ọmọdé lè fi "worm" dá orúkọ yìí lápàrá níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kejì ni mo máa fi í ṣe, lẹ́yìn èyí tí wọ́n á máa pè é ní iléèwé.

Àwọn tí mi ò fi sí i

Muireann, "Mwírìn", tí òkun wà nínú rẹ̀, dára púpọ̀; mw ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń gba àlàyé. Bláthnaid, "Blọ́ọ̀nìd", jẹ́ òdòdó kékeré, ṣùgbọ́n obìnrin inú ìtàn rẹ̀ da wàrà sínú odò láti fi ṣe àmì fún àwọn tó wá pa ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé wa kò sì ní gba ìyẹn mọ́ra. Eithne ti wà nínú redíò yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀: Enya, olórin Donegal tí wọ́n bí ní 1961, ni Eithne tí wọ́n kọ bó ṣe ń dún ní agbègbè rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé àtijọ́ lẹ ń wá, ẹ má jẹ́ kí ìrísí tàn yín. Saoirse tó jẹ́ òmìnira kò sí lára orúkọ ènìyàn kí ọ̀rúndún ogún tó dé. Fiadh tó gba ipò kìíní fún ọmọbìnrin ní Ireland ní 2021, òde òní ni. Siobhán àti Sinéad pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu Faransé ni wọ́n ti wá, pẹ̀lú àwọn Norman, jagunjagun tó ń sọ èdè náà.

Ṣé kí ẹ kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa kà á?

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kọ Sive dípò Sadhbh, Keelin dípò Caoilfhionn, Aideen dípò Éadaoin. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Ireland, Sadhbh di Sabina àti Sally nínú ìwé, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó gba orúkọ wọn padà. Kò yẹ kí ẹ̀yin tún bá wọn tú u. Tó bá jẹ́ Ireland lẹ wà, kò sí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù: gbogbo tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló kọ́ Gaeilge, wọ́n á ka Caoilfhionn láìdúró. Ìlú òkèèrè ni àlàyé wà, ìyẹn náà kì í pẹ́. Ṣadé, olórin tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959, kò yí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ayé ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Saoirse Ronan, òṣèré fíìmù, náà ṣe bẹ́ẹ̀, títí dé Hollywood.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yàn

Fún ọmọ tó ní ẹbí ní Kerry àti ní Ọ̀yọ́, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, Líadan ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìdílé tó ti fìdí múlẹ̀ sí Dublin tí wọ́n sì ń sọ Gaeilge nílé, Sadhbh. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é "à háìv" wọlé jẹ́ ohun ìdùnnú létí. Caoilfhionn wà fún ìdílé tó fẹ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n sì ní sùúrù. Éadaoin, ẹ gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà kí ẹ tó mú un. Gormlaith, ẹ fi ṣe orúkọ kejì, kí ọmọ náà lè mú un jáde nígbà tó bá dàgbà tó sì fẹ́ ẹ.

Ní Ireland, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ kọ gbogbo orúkọ náà sórí bébà kan kí ẹ tó kúrò nílé, ti Yorùbá àti ti Ireland, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lè kọ orúkọ Gaeilge pẹ̀lú fada rẹ̀, nítorí náà ẹ má gba Liadan níbi tó yẹ kó jẹ́ Líadan. Ìlà ìsàlẹ̀ páspọ́ọ̀tù tí ẹ̀rọ ń kà àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kò ní gbé àmì kankan, ti orúkọ wa tàbí ti wọn; ìyẹn kò ba ìwé ìbí jẹ́. Bí òṣìṣẹ́ náà bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà síhìn-ín, ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pàápàá n méjì tó parí Caoilfhionn, kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú.